Ìdáhùn: ‘ìpín-ìmọ̀’ kò tó, ìfikùnlukùn la ní

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò nígbà tí àwọn tó jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ àkànṣe bá ń jẹ́ kí ara wọn mọ ohun tí kálukú mọ̀. ‘Ìpín-ìmọ̀’ ni wọ́n ní kí a gbà. Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbà á, inú mi ò sì dùn pé àwọn kan ti ń lò ó kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Pín yẹn ni mò ń bá jà. Ogún là ń pín, ẹran iléyá là ń pín. Bí a bá pín in tán, ti ẹni tó ni ín dín kù. Ta ló kọ́ ọmọ ẹ̀ níṣẹ́ tí iṣẹ́ tán lọ́wọ́ ẹ̀ rí? Ìpín fúnra ẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ẹlẹ́rìí ìpín là ń ki Ọ̀rúnmìlà. Bí mo bá rí ‘ìpín-ìmọ̀’ nínú ìwé, ìmọ̀ tí ẹnì kan yàn wá láti ọ̀run ni mo máa kà á sí.

Ẹ ó ní, ṣé a kì í pín nínú ayọ̀ ara wa ni? Ẹ tẹ́tí sí bí a ṣe ń sọ ọ́: a JỌ ń pín nínú ẹ̀ ni. Jọ ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àbúrò tó mú ‘àjọpín’ wá ti sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n pín yẹn náà ṣì ni.

Ìfikùnlukùn la bá nílé. Ohun tí èèyàn mọ̀ tí kò tíì di ìwé, ikùn ló ń gbé. Ẹ wo lu yẹn dáadáa: ikùn kan ò lè lu ara ẹ̀, àfi kí èkejì sún mọ́ ọn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Challenger, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fẹ́ gbé lọ sí gbalasa òfurufú. Ní oṣù keje ọdún 1985, Roger Boisjoly, ẹnjiníà ní Morton Thiokol, ilé-iṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ọkọ̀ náà gòkè, kọ̀wé sí ọ̀gá pé òrùka rọ́bà tí wọ́n fi dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lè gba ẹ̀mí èèyàn. Lálẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1986, àwọn ẹnjiníà bá NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ni ọkọ̀ náà, ṣèpàdé lórí fóònù, wọ́n kó àtẹ wọn sílẹ̀, wọ́n ní òtútù ti pọ̀ jù, kí wọ́n dá a dúró. Àwọn ọ̀gá Thiokol yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀kan nínú wọn ní kí olórí àwọn ẹnjiníà ṣí fìlà ẹnjiníà, kó dé fìlà ọ̀gá. Ohùn yí padà, wọ́n ní kí ọkọ̀ máa lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú-àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra, ọkọ̀ fọ́ lófurufú, èèyàn méje kú.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò pín ìmọ̀ ni? Wọ́n fi ìwé pín in, wọ́n fi àtẹ pín in, wọ́n fi fóònù pín in. Ó dé ọwọ́ àwọn tó ní àṣẹ, kò dé ikùn wọn.

Àwọn bàbá wa ní Òkè-Ògùn kì í ṣe àáró láìfikùn lukùn. Bàbá tó bí bàbá mi á kọ́kọ́ mú wọn yí oko ká: “Nídìí igi irú yẹn, òkúta wà nísàlẹ̀, ẹ rọra sọ ọkọ́ o.” Ẹlòmíì á ní etí odò ń mu omi jù, kí ebè ibẹ̀ ga díẹ̀. Bí ọmọdé tó ń dẹ pàkúté níbẹ̀ bá mọ ihò tó wà nínú koríko, á sọ ọ́, àgbà á sì gba ibòmíì. Kò sẹ́ni tó ní kó panu mọ́ nítorí ọjọ́ orí ẹ̀.

Ẹni tó ní olùkọ́ òun ní yunifásítì fọwọ́ sí ‘ìpín-ìmọ̀’, mo bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni, kì í ṣe ti ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ ‘ikọ́ iṣẹ́’ fún àwọn tó jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ kan, ẹ jọ̀wọ́, ikọ̀ ni, ohùn ìsàlẹ̀. Ikọ́ ni àìsàn. ‘Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́’ ńkọ́? Ti àwọn tó ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ owó oṣù nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ó ku bí a ó ṣe máa kọ ọ̀rọ̀-ìṣe ìfikùnlukùn. ‘Fikùn lukùn’ lèmi ń kọ, mo ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ papọ̀, ẹ mú ẹ̀rí yín wá.