Báwo la ṣe lè mọ ọjọ́ orí àwọn òkúta gbígbẹ́ Breedon?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà àtijọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Breedon-on-the-Hill, ní Leicestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta gbígbẹ́ wà níbẹ̀: ẹyẹ, ẹranko, ìtàkùn àjàrà tó lọ́ mọ́ra. Wọ́n ní nǹkan bí ọdún 800 ni. Ṣùgbọ́n ògiri tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n tún wọn tò sí, kábọ́ọ̀nù 14 (ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ohun tó ti wà láàyè rí, bí igi tàbí egungun) kò sì ṣiṣẹ́ lára òkúta. Ó wá ku ká fi ọnà wọn wé àwòrán inú ìwé àfọwọ́kọ. Ìyẹn nìkan kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí agbẹ́kùúta lè tẹ̀ lé àṣà àtijọ́. Bí èédú bá wà nínú sìmẹ́ǹtì àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òkúta, ṣé ó ṣeé gbára lé?