Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń dá Bíbélì kà tó fi ń yé yín?

Aránṣọ Ọba-Ilé:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti di àtúnbí, mo wà nínú kọ́yà, Bíbélì mi sì ti gbó, àmọ́ kì í ṣe kíkà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ o, inú báàgì ló gbó sí. Mo lẹ Jeremáyà 29:11 mọ́ ara ògiri níbi maṣíìnì mi ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó sọ pé èrò àlàáfíà ni Ọlọ́run ń rò sí wa. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣòkòtò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kàn gbójú sókè, ó ní "Ọ̀gá, ta ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún?" Mo ní àwa Krìstẹ́nì ni. Ó ní "Rárá sà, kó tó kàn wá." Mo ní kó gbájú mọ́ bọ́tìnnì ẹ̀ jàre. Nígbà tó lọ tán ni mo wá ṣí i, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹsẹ tó wà lókè ẹ̀ gan-an, àádọ́rin ọdún ló ń sọ! Lẹ́tà ni wọ́n kọ sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì, pé kí wọ́n kọ́lé kí wọ́n gbin ọgbà níbẹ̀, torí wọn ò tíì ní padà sílé. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo nǹkan yìí, mi ò ka ẹsẹ kan sókè rí.

Mo wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ètò kà-á-tán-lọ́dún-kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú ẹ̀, Léfítíkù ló máa ń dá mi dúró. Alẹ́ nìkan ni mo ráyè, tí mo bá sì ti dùbúlẹ̀ pẹ̀lú fóònù báyìí, kò ní pẹ́ tó fi máa jábọ́ lé mi nímú.

Ìyá Aláta:
Hahaha, ẹ máa fi oyin sẹ́nu fún ọmọ yẹn o. Èmi aago mẹ́rin àárọ̀ ni tèmi kí n tó jáde lọ Ọjà Ọba, mi ò sì kà jù, orí kan péré, màá sì ka orí yẹn kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìwé Fílípì tó jẹ́ orí 4, oṣù kan ni mo lò nínú ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ 4:13 tá a máa ń fi pariwo pé a lè ṣe ohun gbogbo, inú ìdè ni Pọ́ọ̀lù wà tó ń kọ ọ́, ẹsẹ 12 ṣáà ní òun mọ ebi mọ àyó. Ọjọ́ tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́ta jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́ ló tó yé mi.

OlùgbàdúràOkeAro:
Ẹ ṣọ́ra o. Ìwé a máa pani, Ẹ̀mí ló ń sọni di ààyè. Ẹ lọ gbààwẹ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ á kọ́ yín, gbogbo ìwádìí yẹn ò pọn dandan.

Bàbá Tíṣà Oǹdó:
Ọmọ mi olùgbàdúrà, àdúrà dáa, àmọ́ lọ ka Kọ́ríńtì Kejì orí 3 yẹn láti òkè. Òfin tí wọ́n kọ sára wàláà òkúta ló ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ń ka Bíbélì. Ohun tó ṣe aránṣọ ló ṣe ìwọ náà o.

Aránṣọ, gbé fóònù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ra ìwé olójú-ewé ogójì àti pẹ́ńsù. Máàkù ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, orí 16 péré ni, ìtàn sì ni, kò ní sú ẹ. Jókòó sórí àga, kà á síta, ẹni tó ń kàwé síta kì í tètè sùn. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ tó ń kọ "nwọn" àti "enia" ni mo fẹ́ràn jù, torí àkọtọ́ ẹ̀ kì í jẹ́ kí n sáré, tí mo bá fẹ́ sáré ahọ́n mi á kọsẹ̀. Kí lo sì ń sáré fún náà? Àjàyí Crowther ló ṣáájú àwọn tó túmọ̀ ẹ̀, Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì ò pé títí di 1884, ìwọ wá fẹ́ fi oorun ojú kà á tán lọ́dún kan. Nǹkan tí kò bá yé ẹ, kọ ọ́ sílẹ̀, má ṣe bí ẹni pé ó yé ẹ. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8 yẹn, nígbà tí Fílípì oníwàásù bi í bóyá ohun tó ń kà yé e, ó ní báwo ló ṣe máa yé òun láìsí ẹni tó máa tọ́ òun sọ́nà. Àgbà ni, ojú ò tì í. Nítorí náà pe ọmọ iṣẹ́ ẹ yẹn, kẹ́ ẹ jọ máa kà á.

Aránṣọ Ọba-Ilé:
Ẹ ṣé gan-an bàbá, ẹ ṣé ìyá wa. Mi ò yọ Jeremáyà kúrò lára ògiri o, mo kàn fi bírò kọ ẹsẹ 10 sókè ẹ̀. A ti dé Máàkù orí 4, ìdajì wákàtí ká tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lánàá a kà á débi tí ìjì ń jà tí Jésù ń sùn, ọmọ yìí tún ní "Ọ̀gá, wọ́n ní orí ìrọ̀rí ló sùn sí, ta ló gbé ìrọ̀rí wọnú ọkọ̀ ojú omi?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.