Ẹ wá sọ tiyín: wọ́n sọ pé iṣẹ́ yín "kò dáa", ṣé wọ́n sọ ibi tí kò ti dáa?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Télọ̀ ni mí, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá mi, "tú u". Mo bá rán apá búláòsì tán, wọ́n á wò ó fìrí, "tú u". Mo á fi bíléèdì tú u, mo á tún rán an bí mo ṣe rán an tẹ́lẹ̀ torí mi ò kúkú mọ ohun tó ṣe é, wọ́n á tún ní kí n tú u, títí ankará oníbàárà á fi fẹ́ máa ya níbi tí abẹ́rẹ́ ti lu ú. Mo sọ nílé pé mi ò ṣe mọ́, màmá mi ní owó tí àwọn ti san ńkọ́.

Àsìkò Iléyá ni aunty kan tó ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù wá bá wa dá sí iṣẹ́. Wọ́n ní kí n gbé aṣọ yẹn wọ̀, kí n gbé ọwọ́ sókè. Ó fà mí léjìká, gbogbo ẹ̀ gùn wá sókè! Wọ́n ní ṣé o rí i, ibi iwájú apá ló yẹ kó jìn ju ẹ̀yìn lọ, ìwọ gbé tọ̀tún sí tòsì. Ó tán. Títí dòní mo ṣì ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí iwájú kí n tó gbé apá sórí ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ poly, ṣé wọ́n ń sọ fún yín?

— Sọ kí ni? 😂 Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe IT, iṣẹ́ tí wọ́n ń ní ká lọ kọ́ níta, iṣẹ́ iná ni tèmi. Ọjọ́ tó kù ọ̀la ká lọ ni ọ̀gá buwọ́ lu gbogbo logbook, ìwé tí mò ń kọ iṣẹ́ tí mo ṣe sí, lẹ́ẹ̀kan náà, "satisfactory" látòkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ti ya àwòrán wáyà two-way switch sódì síbẹ̀, èyí tá a fi ń tan iná àtẹ̀gùn nísàlẹ̀ tá a sì máa ń pa lókè. Ọjọ́ defence, tá a máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ tá a ṣe, ni lecturer ní kí n fi ìka tọ ọ̀nà tí iná máa gbà. Ìka mi rìn rìn, ó dé ibì kan, ọ̀nà pin.

— Ẹ má bú wa jù o, tíṣà iṣẹ́ káfíńtà ni mí. Ọmọ pọ̀ ní kíláàsì, ọwọ́ ò ká a. NABTEB náà, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, tó ti wà láti 1992, A1 tàbí F9 lásán ló ń jáde, kò sẹ́ni tó máa sọ fọ́mọ pé ayùn ẹ ló wọ́. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń kọ 4/10, wọ́n á wo màákì, wọ́n á ju pákó sílẹ̀. Táàmù kan mo fi màákì pa mọ́, mo fi pẹ́ńsùlù yí ibi tí oríkèé ò ti fún ká, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ihò yìí fẹ̀ jù". Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n gbé ṣísù, wọ́n padà sídìí ẹ̀! Àfi ọmọkùnrin kan tó tẹ̀ lé mi dé staff room, "Sà, màákì mi ńkọ́?"