Ta ló ní ká máa ṣọ́ ọpọlọ? (lórí "ìṣọ́pọlọ")

Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n wa gbé ọ̀rọ̀ tuntun wá lánàá fún fáìlì aláìsàn orí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní EEG, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń gba iná inú ọpọlọ sílẹ̀, ni ká máa pè ní "ìṣọ́pọlọ", ẹ̀rọ rẹ̀ ni "aṣọ́pọlọ", ẹ sì ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀, àmọ́ èmi ò lè pàtẹ́wọ́ sí èyí.

"Ṣọ́" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Aṣọ́gbà ń ṣọ́gbà kí olè má bàa wọlé, aṣọ́bodè ń ṣọ́ bodè. Kí ni waya tí wọ́n lẹ̀ mọ́ni lórí fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 fẹ́ ṣọ́? Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó bá di ṣùkú á kọ́kọ́ tú u, màá fi téèpù wọn orí láti gbòǹgbò imú dé kókó ẹ̀yìn orí, màá sàmì sí i, màá wá lẹ waya ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà 1, 3, 5, 7 lápá òsì, 2, 4, 6, 8 lápá ọ̀tún. Iná tín-ín-rín tó ń tinú ọpọlọ jáde là ń gbà sílẹ̀, bó ṣe ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi. Hans Berger, ará Jámánì tó kọ́kọ́ gbà á lórí èèyàn lọ́dún 1924, "àkọsílẹ̀" ló fi sínú orúkọ tó sọ ọ́, kò fi ìṣọ́ kankan sí i.

Àfi ẹni tó dákú sí ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, tí wọ́n fi sílẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ lọ́sàn-án lóru, ìyẹn ni mo lè gbà pé ìṣọ́ ni. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. Nínú SNOMED CT, àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń lò fún fáìlì orí kọ̀ǹpútà, ohun kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè kàn ń so mọ́ nọ́ńbà yẹn ni, tẹ́ ẹ bá wá so "ìṣọ́pọlọ" mọ́ méjèèjì, báwo ni dókítà ọ̀la ṣe fẹ́ mọ èyí tá a ṣe?

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, kọ̀ǹpútà wọn kì í gba àmì ohùn, àmì abẹ́ gan-an ń jábọ́. Mo tẹ "ìṣọ́ ọpọlọ" wò, "iso opolo" ló jáde. Nọ́ọ̀sì kan kà á sókè: "Isó ọ̀pọ̀lọ́!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi aláìsàn tó ni fáìlì.

"Àyẹ̀wò iná ọpọlọ" ni tèmi. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ ṣì lè yọjú níbẹ̀, àmọ́ kò ní só.

Ẹni tó ní "gìrì" ni ká lò fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ jọ̀ọ́. Màmá àgbà wa ní Ìsẹ́yìn, ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná ni wọ́n ń sọ pé gìrì mú. Wárápá náà kọ́ o, torí gbígbọ̀n yẹn lè ṣe èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó má jẹ́ wárápá. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ẹ sọ pé ẹ kàwé Yorùbá ní yunifásítì, mo gbà, ṣé ẹ ti lẹ waya rí?

Mò ń lọ síṣẹ́ alẹ́. Ẹni tó ní "ọpọlọ" kì í ṣe Yorùbá ìjìnlẹ̀, pé "mùdùnmúdùn" ni, kó dúró dè mí, mo fẹ́ mọ bàbá tó kọ́ ọ.