Ẹrẹ̀ kọ́, iyẹ̀ ni: lórí ilẹ̀ etídò tí omi kì í tètè fà

Òkun o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣa ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ jọ fún àwọn ọmọ iléèwé fi ọ̀rọ̀ méjì síwájú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí á máa pe ilẹ̀ tí àwọn olóyìnbó ń pè ní silt (èyí tí hóró rẹ̀ kéré sí ti iyanrìn, tó sì tóbi ju ti amọ̀ lọ) ní "ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀", kí á sì máa pe èyí tí omi kì í tètè kúrò nínú rẹ̀ ní "ilẹ̀ afàmi". Mo kí wọn kú làálàá. Àmọ́ kí wọ́n má bínú sí mi, mi ò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì, èkejì ló sì burú jù.

Èkejì náà ni n ó kọ́kọ́ mú. Ìtumọ̀ fà ju ẹyọ kan lọ. Kànrìnkànrìn a máa fa omi, gbígbé omi mì nìyẹn. Bí ìkún omi bá ń relé, a ó ní omi ń fà, lílọ sílẹ̀ nìyẹn. Ta ni yóò gbọ́ "ilẹ̀ afàmi" tí kò ní rò pé ilẹ̀ tó ń gbé omi mì ni? Ilẹ̀ oníyanrìn tí ẹ da korobá omi kan sí, tí ẹ ò tún rí i mọ́, òun gan-an ni afàmi. Òdìkejì ohun tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ sọ ló jáde lẹ́nu wọn. Ọmọ tó bá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lè lọ kọ ebè iṣu síbi tí iṣu yóò ti jẹrà mọ́ ilẹ̀.

Ẹnìkan ti fèsì pé kí á kúkú pè é ní àbàtà. Àbàtà kọ́. Ilẹ̀ tí mò ń wí yìí, ẹ lè gun ọ̀kadà kọjá lórí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àkùrọ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ tí a ń fi ilẹ̀ náà ṣe ni àkùrọ̀ ń sọ, kò sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Fàdámà náà kò sọ ọ́, ọ̀rọ̀ Haúsá fún ilẹ̀ etídò tí ètò ìjọba ti sọ di ọ̀rọ̀ gbogbo wa. Ohun tí mo mú wá ni "ilẹ̀ adámidúró". Bí a ṣe ń dá àlejò dúró pé kó má tíì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ yìí ń ṣe omi.

Ó wá ku ẹrẹ̀. Iyanrìn tó tutù, iyanrìn ni. Tó bá gbẹ, iyanrìn náà ni. Amọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó gbẹ kì í ṣe ẹrẹ̀ mọ́, nítorí pé ipò tí ilẹ̀ wà ni ẹrẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀ amọ̀ ń di ẹrẹ̀, títì wa gan-an ń di ẹrẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Silt ní tirẹ̀, bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Nínú ìlànà Amẹ́ríkà, hóró iyanrìn bẹ̀rẹ̀ láti mílímítà 2 wá sí 0.05, láti 0.05 sí 0.002 ni silt; ohun tó bá kéré sí ìyẹn, amọ̀ ni. Àwọn ìlànà mìíràn fi ààlà àkọ́kọ́ yẹn sí 0.063, ìjà wọn nìyẹn.

Ọwọ́ kì í sì í ka mílímítà. Ní oṣù Kejì, mo bá Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, lọ sí oko ìrẹsì wọn létí Odò Kampe ní Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ojú ilẹ̀ ti gan, ó dì bí èépá, ó sì sán wẹ́wẹ́. (Èépá yẹn ni kì í jẹ́ kí irúgbìn tètè yọrí.) Wọ́n bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ta omi kẹ́ẹ̀gì sí i, wọ́n ní kí n fi ìka rà á. Kò ha mí lọ́wọ́ bí iyanrìn, kò lẹ̀ bí amọ̀. Ńṣe ló ń yọ̀ láàárín ìka bí ẹ̀lúbọ́ tí wọ́n kù lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbìyànjú láti lọ́ ọ bí òrùka, ó já.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ mi: iyẹ̀. Iyẹ̀ inú ìyẹ̀fun, iyẹ̀ tí ikán àti kòkòrò ń jẹ sílẹ̀ lára igi. Iyanrìn, iyẹ̀, amọ̀: mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn láti orí èyí tó tóbi dé èyí tó kéré jù. "Ilẹ̀ oníyẹ̀" ni silt. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní yóò kọlu iyẹ́ ara ẹyẹ. Ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, bó ṣe ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀, àwọn ọmọ wa ò sì tíì gun ọkọ́ lọ sí Lọ́kọ́ja rí. Àwọn tó dábàá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí omi bá gbé wá tó sì rọlẹ̀ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, àti iyanrìn àti amọ̀. Kí á fi í sílẹ̀ fún gbogbo wọn.

Ẹni tó bá sì rí Odò Ọya níhà Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́yìn ìkún omi ọdún 2012 tàbí ti 2022 ti rí i bí wọ́n ṣe ń pín ara wọn níyà. Bí odò bá ti bo bèbè, eré omi á dínkù. Iyanrìn tó wúwo á kọ́kọ́ já sílẹ̀ lẹ́bàá odò, iyẹ̀ á lọ díẹ̀ sí i, amọ̀ á dé kòtò tó jìnnà pátápátá. Ìdí nìyẹn tí etí odò gan-an fi máa ń ga, tó sì máa ń gbẹ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu.

Kí ló dé tí iyẹ̀ fi ń dá omi dúró? Àlàfo àárín hóró rẹ̀ há. Omi kò rí ọ̀nà sáré jáde, ti ìsàlẹ̀ sì tún ń gòkè bọ̀ bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Tí màlúù tàbí katakata bá wá tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù, ó parí, ìwọ̀nba àlàfo tó kù á dí.

Bàbá wá gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún. Ilẹ̀ tó jáde dà bí eérú, àwọn ìlà pupa bí ìpẹtà sì gba ọ̀nà tí gbòǹgbò ti kọjá. Irin inú ilẹ̀ ni. Bí omi bá dí ilẹ̀ pa, atẹ́gùn á tán níbẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí á máa gba èyí tó wà lára irin. Irin á sọ àwọ̀ pupa rẹ̀ nù, á yòrò mọ́ omi, á sì bá omi lọ. Bí omi bá fà, ojú gbòǹgbò tó ti jẹrà ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni irin á sì ti dípẹtà. Nítorí náà, láàárín ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, ẹ lè wo ihò yẹn kí ẹ mọ ibi tí omi ń dé.

Àwọ̀ eérú yìí ni ẹnìkan fi sọ "ilẹ̀ eléérú". Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ tí wọ́n sun igbó lé lórí ni ará oko yóò gbọ́.

Fún àwọn ìlà pupa náà, mo dábàá "ìpẹtà ilẹ̀". Mo bi Bàbá léèrè ohun tí wọ́n ń pè é. Wọ́n ní àwọn ò pè é ní nǹkan kan, pé ibi tí àwọn bá ti rí i, àwọn kì í gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, ìrẹsì ni, torí ìrẹsì ní ihò nínú igi rẹ̀ tó fi ń mí dé gbòǹgbò. Ẹ̀yin ará Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, tí ẹ bá ní orúkọ fún un, ẹ kọ ọ́ wá kí ẹ̀gbọ́n tó kó ìwé náà lọ fún atẹ̀wé.