Ọ̀rọ̀ kan lórí «ìtètèmúnigbàgbé»

Láti Kúbwà:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa tó kọ̀wé láti Jos ní kí a máa pe ìtọ́jú ọkàn ẹni tí jàǹbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní «ìtètèmúnigbàgbé». Ẹ má bínú sí mi, sà. «Ìtètè-» dára, ó bá «ìtètèdé» rìn. «Gbàgbé» ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ wo ẹni tó bọ́ nínú bọ́ǹbù gárèèjì Nyanya lẹ́bàá Àbújá, 14 oṣù kẹrin 2014. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò rí oorun sùn, tí kò lè gba ọ̀nà gárèèjì mọ́, oníṣègùn á máa rí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún, wákàtí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Aláìsàn á dijú, á ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́: òórùn èéfín, igbe, ibi tó dúró sí. Á tún un rò, á tún un rò, títí àyà rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró nígbà tí jìnnìjìnnì mú un jù lọ, ọkàn rẹ̀ á gbà pé ewu ni ìrántí náà lóòótọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa mú un padà síbi tó ń sá fún, díẹ̀díẹ̀. Ìrántí ni gbogbo èyí, sà. Níbo ni gbàgbé gbà wọlé?

Oògùn amúnisùn bíi diazepam ni «amúnigbàgbé» yẹ, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kìlọ̀ ní 2013 pé kí a má fi í tọ́jú irú ìpayà yìí láàárín oṣù àkọ́kọ́. Kí «tètè» má sì ṣì wá lọ́nà: lọ́jọ́ kìíní, omi, ibi tí kò séwu, ká bá a wá ẹbí rẹ̀, ká tẹ́tí bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. A kì í fipá mú un sọ ọ́. «Ìtètètọ́jú ìpayà» ni tèmi.

Láti Jos:
Ọmọ mi, abiyamọ ń gbàgbé ìrọbí, kò gbàgbé ọmọ. Ẹ̀rù ni mo ní kó gbàgbé. «Tọ́jú» tìrẹ ńkọ́? Ẹni tó tọ́jú owó, ṣé kò fi í pamọ́ ni? Ọ̀rọ̀ mi dúró.

Láti Kàdúná:
Ẹ jọ̀ọ́, «ìpáyà» ni, kì í ṣe «ìpayà». «Má fòyà, má páyà» làwọn ìyá wa ń wí. Àmì òkè wà lórí «pá»!

Láti Kúbwà:
«Ìpayà» ni wọ́n ń wí nílé wa, mà. Mi ò yí i padà.