Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àpótí sípíkà tó ń gbọ̀n
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mo wà, mò ń kan àpótí sípíkà oní-íńṣì 15 fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Plywood mìlímítà 18 ni mo lò, torí MDF (pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ fọ́nrán igi pọ̀ ṣe) máa ń wú bí omi bá kàn án, òrùlé wa sì ń jò. Bí béèsì bá ti wọlé, ẹ̀gbẹ́ àpótí á máa gbọ̀n, atẹ́gùn á máa fọn bíi fèrè lẹ́nu ihò iwájú. Ṣé kí n fi igi ìdábùú kún inú rẹ̀ ni, àbí kí n mú ihò náà fẹ̀? Bí ihò bá fẹ̀, ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn sí i kí béèsì má baà yí padà, àyè inú àpótí ò sì tó. Ẹ jọ̀ọ́, gọ́ọ̀mù wo ni kì í tú lásìkò ọyẹ́?